Mo Wá Àwo Orin Tuntun Dé Adó-Èkìtì

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Iléṣà tó sì ti kọjá Ìtawúrẹ́, ojú ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Òkè á wà lọ́tùn-ún, òkè á wà lósì, ọ̀nà á sì máa yí kọ́lọkọ̀lọ láàárín wọn títí a ó fi yọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù mi ti dákẹ́ lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, tí orin tí mo ń gbọ́ sì já mọ́ olórin lẹ́nu. Awakọ̀ wò mí nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi fóònù yẹn sápò. Òkè Ẹ̀fọ̀n kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ orin ẹlòmíràn."

Adó-Èkìtì ni mo ń lọ, olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Ohun méjì ló gbé mi kúrò ní Èkó. Èkíní ni pé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan, ti gba orin méje sílẹ̀ nínú yàrá kan ní àdúgbò Básírì. Wọ́n po orin ìbílẹ̀ Èkìtì mọ́ rọ́ọ̀kì, irú rọ́ọ̀kì tí kò bẹ̀rù àdánwò, wọ́n sì ní kí n wá gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbé e síta. Kò sí ilé-iṣẹ́ aláwo kankan lẹ́yìn wọn. Ohun kejì wà nínú àpò mi, mo fi aṣọ ìnujú wé e: kásẹ́ẹ̀tì kan tí n kò fi sínú ẹ̀rọ láti ohun tó lé ní ogún ọdún. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ti sọ fún mi pé òun ní ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìlẹ̀kùn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Orin tó já lórí òkè náà jẹ́ ti ẹgbẹ́ Monomono, láti inú àwo tí wọ́n ṣe ní ọdún 1972, *Give the Beggar a Chance*. Joni Haastrup ni olórí wọn, ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ orúkọ ilé ọba kan ní Iléṣà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ wọ́n, nítorí ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwo náà jáde, ọ̀dọ́ ni bàbá mi, Èkó ló sì ń gbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́. Ọwọ́ àwọn òyìnbó ló ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Soundway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣa orin rọ́ọ̀kì tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ *Nigeria Rock Special*. Ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé nìyẹn.

Láti ibẹ̀ ni mo ti ń tọ ipasẹ̀ wọn kiri. Mo bá Ofege pàdé, àwọn ọmọ ilé-ìwé St Gregory's College ní Èkó, tí wọ́n ṣe àwo *Try and Love* ní ọdún 1973 nígbà tí aṣọ ilé-ìwé ṣì wà lọ́rùn wọn. Mo bá BLO pàdé, tí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta orúkọ wọn dúró fún Berkley Jones, Láolú Akins àti Gbénga Odùmósù. Ọdún kan náà ni àwọn náà ṣe *Chapter One*. Mo bá Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu pàdé, ìbejì tí wọ́n ṣe àwo mẹ́rin láàárín ọdún 1976 sí 1979: *Danger*, *Mother Africa*, *Sunshine* àti *Horizon Unlimited*. Nígbà tí mo fi mọ gbogbo orin Lijadu lórí, ọdún 2019 ti dé, Kẹ́hìndé sì ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ Ẹ̀fọ̀n tì í lẹ́yìn, níwọ̀n bí ọkọ̀ wa ti ń la àárín ìlú náà kọjá. Ẹ̀fọ̀n yìí ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, agbẹ́gilére tí ayé mọ̀ sí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tó gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ìlú Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i, ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́, wọ́n sì fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ wọn pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ fojú rí ìlẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba físà. Bí ọ̀rọ̀ orin wa ṣe rí lójú mi nìyẹn fún ọdún púpọ̀: a ṣe é sílé, a lọ rí i lókèèrè.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kíláàsì mi kan ló yá mi ní *Jángbálájúgbú* ti Beautiful Nubia, àwo tó jáde ní ọdún 2002. Ṣẹ́gun Akínlolú ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìmọ̀ ìwòsàn ẹranko ló kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó tó di olórin tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ lábẹ́ orúkọ EniObanke. Òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé èèyàn lè ṣe orin láìdúró de àṣẹ ọlọ́jà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ *Oṣó* ti Brymo ní ọdún 2018, àti *Ẹ̀san* ní ọdún 2021, èyí tó fi Yorùbá kọ. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tí fóònù mi dédé mú wá bá mi. Èèyàn kan ló na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, tó ní, "Gbọ́ èyí."

Ihò kékeré méjì

Mo ti ń sún ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì náà síwájú. Ó tó kí n sọ ọ́ wàyí.

Ìyá tó bí bàbá mi jẹ́ alámọ̀, ní ìlú Ìyìn-Èkìtì. Òǹkàwé tí kì í ṣe ọmọ Èkìtì lè má mọ orúkọ yìí. Orin àwọn obìnrin Èkìtì ni alámọ̀. Ẹnì kan á máa dá a, àwọn yòókù á máa gbè é, níbi ìgbéyàwó àti níbi ìsìnkú àgbà. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, níbi tí ilé ti ń jẹ́ *ulé*, tí ìlú ń jẹ́ *ùlú*, tí iṣu sì ń jẹ́ *usu*. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ohùn sókè lójúde, àwọn tó ń kọjá lọ á dúró, àwọn tó ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ á sì yẹra, nítorí alámọ̀ a máa yìn, a sì máa bú.

Ní ọdún 1989, níbi ìgbéyàwó kan nínú ilé wa, bàbá mi gbé ẹ̀rọ rédíò olókásẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá kásẹ́ẹ̀tì láyé á rántí ike pélébé méjì tó máa ń wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣẹ́ ike náà, ẹ̀rọ kò ní gbà láti gba ohun mìíràn sórí rẹ̀. Bàbá mi ṣẹ́ méjèèjì. Ní ọdún 1994, ìyá àgbà lọ.

Ọdún 2001 ni èmi ṣe tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó mú sídì Radiohead lọ́wọ́, *Kid A*, èyí tó jáde ní ọdún tó ṣáájú. N kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí: rọ́ọ̀kì ni, ṣùgbọ́n gìtá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀, ohùn olórin náà dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ni ẹ̀gbọ́n mi á lò nílé wa. Ilẹ̀ ti ṣú, ṣọ́ọ̀bù ti tì, kò sì sí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kankan. Mo ká ìwé pélébé méjì, mo fi dí ihò méjì tí bàbá mi ti ṣẹ́, mo sì tẹ bọ́tìnnì.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní àyájọ́ ikú ìyá rẹ̀, bàbá mi fẹ́ kí àwọn àlejò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ohun tí wọ́n gbọ́. Kò nà mí. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó wo ìwé tí mo fi dí i, ó dá a padà sínú ilé rẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ ni kí o máa tọ́jú rẹ̀ lọ." Títí ó fi kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò tún mẹ́nu kàn án. Mo fẹ́ràn *Kid A* títí dòní, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa dùn mí. Ohun tí mo gbà sílẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi rọ́pò kò ní ẹ̀dà.

Odó iyán ní Básírì

Lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n, a kọjá Arámọkọ, a kọjá Ìgèdè, a la Ìyìn kọjá. N kò sọ fún awakọ̀ pé kó dúró níbẹ̀. Láìpẹ́ a bọ́ sí Adó, ìlú tí àwọn òkè yí ká, tí àwọn ilé rẹ̀ ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹní ń jó. Mo jẹ iyán ní ìdí ọ̀nà Ìyìn kí n tó ṣe ohunkóhun, nítorí ẹni tó bá wọ Adó tí kò jẹ iyán, ó lálàá pé òun wọ ibẹ̀ ni.

Yàrá náà wà lẹ́yìn ilé kan tí ìyá onílé ń ta elùbọ́ níwájú rẹ̀. Fóòmù àlòkù ni wọ́n tò mọ́ ògiri kí ohùn má baà máa ta padà. Gìtá méjì, bẹ́ẹ̀sì kan, bẹ̀ǹbẹ́ kan, agogo, ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan: gbogbo ohun ìní wọn nìyẹn. Ọ̀kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn, ọ̀kan ń kun ilé, ọ̀kan ń dúró ti ẹ̀rọ POS, ìkẹrin ṣì wà ní yunifásítì. Láàárín òru ni wọ́n ń gbohùn sílẹ̀, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́. Lórí tábìlì, mo rí àwo ńlá àtijọ́ ti Elémùré Ògúnyẹmí, ẹni tó ti fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì kọrin sórí àwo kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọn kò ní ẹ̀rọ tó lè lù ú. Wọ́n kàn gbé e síbẹ̀ bí ẹni gbé àwòrán bàbá rẹ̀ kọ́ ni.

A jíròrò díẹ̀ lórí Ekiti Sound, iṣẹ́ Léke Awóyínká, tí àwo rẹ̀ *Abeg No Vex* jáde ní ọdún 2019 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Crammed Discs ní ìlú Brussels. Ọmọbìnrin tó ń ta bẹ́ẹ̀sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ Èkìtì ti dé Bẹ́ljíọ̀mù. Àwa ń wá ohun tí yóò jẹ́ kó dé Básírì."

Lẹ́yìn náà, wọ́n pa iná, wọ́n sì jẹ́ kí n gbọ́ àwo wọn.

Orin kìíní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú odó. Obìnrin méjì ń gún iyán, ọmọ odó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò sí ohun mìíràn fún bí ìṣẹ́jú kan. Gìtá wọlé wẹ́rẹ́, ó ń dún gbàgìgbàgì bí irin tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀sì tẹ̀ lé e. Mo retí pé ìlù yóò gba ipò odó, kò gbà á. Bí iṣu ṣe ń fọ́ tó ń di iyán, bẹ́ẹ̀ ni ìró odó ń rọ̀, tí ó ń falẹ̀, tí àwọn olórin náà sì ń fà sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Odó ló ń darí wọn. Nígbà tí iyán kúnná, orin parí. Mo ti gbọ́ àwo púpọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi rọ́ọ̀kì dánwò. N kò gbọ́ èyí tó fi nǹkan ilé ìdáná ṣe aago rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Orin méje náà kò dọ́gba. Ẹ̀kẹta gùn jù. Nínú ẹ̀karùn-ún, òjò ń rọ̀ sórí páànù títí ó fi bo olórin mọ́lẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀keje, èyí tí wọ́n fẹ́ kó jẹ́ òpó àwo náà, ń wá nǹkan kan tí kò rí. Wọ́n bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ rò?" Mo sọ òtítọ́ fún wọn: "Kò ní ègbè. Ẹnì kan ń pè, kò sí ẹni tó ń dáhùn."

Ọmọkùnrin tó ni kọ̀ǹpútà náà mi orí. Ó ní orin alámọ̀ ni àwọn fẹ́ fi sí ìdí rẹ̀, àwọn ti wá obìnrin tí yóò kọ́ àwọn fún oṣù mẹ́jọ, àwọn tí wọ́n rí kò sì rántí ju ẹsẹ méjì lọ. N kò lè wo ojú rẹ̀. Mo bọ́ aṣọ ìnujú kúrò lára kásẹ́ẹ̀tì náà, mo sì sọ ìtàn tí mo sọ fún yín tán yìí fún wọn.

Ìdákẹ́jẹ́

Ó ní kí a gbà á sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó má baà bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A jókòó, à ń gbọ́ *Kid A* láti inú kásẹ́ẹ̀tì tó ń ké ṣíìì bí epo tó ń ya. Ojú kìíní parí. A yí i padà. Orin tó kẹ́yìn dé, ohùn dùùrù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti háàpù, ó sì dákẹ́.

Mo na ọwọ́ láti pa á. Bí mo ti máa ń ṣe nígbà èwe nìyẹn. Àwọn tó mọ àwo náà mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ wà lẹ́yìn orin tó kẹ́yìn, pé ohùn kékeré kan tún máa ń yọ, pé ìdákẹ́jẹ́ mìíràn sì máa ń tẹ̀ lé e. Ta ni yóò jókòó ti ìdákẹ́jẹ́? Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo sọ pé dé òpin."

Ohùn kékeré náà yọ, ó lọ. Ìdákẹ́jẹ́ dé. Lẹ́yìn náà nǹkan dún *kà*, bí ìgbà tí wọ́n tú bọ́tìnnì sílẹ̀, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ni. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60 ni. *Kid A* kò ju bí ìṣẹ́jú 50 lọ. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìyá àgbà wà ní ìdí kásẹ́ẹ̀tì tí mo ń gbé kiri gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ mi, n kò sì mọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Tèmi wà lápò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà mí láti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ohùn rẹ̀ rí bí mo ṣe rántí rẹ̀, ó gbẹ díẹ̀, ó sì le. Ó ń dá a, wọ́n ń gbè é, ohùn kan nínú àwọn elégbè ń fò ju ti àwọn yòókù lọ. Láàárín kan, orin dúró, wọ́n rẹ́rìn-ín, ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan sì wọlé, ó ní, "Ìyá, ẹ máa bá a lọ, ó ń wọlé." Bàbá mi ni. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí lónìí. N kò mọ̀ pé òun náà wà níbẹ̀.

Ní Ìyìn

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti méjì nínú wọn padà sí Ìyìn tí mo ti là kọjá láìdúró. Ìyá àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn ilé wa, tí ó máa ń gbe orin ìyá àgbà nígbà náà. A dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, a kí i, a sọ ohun tí a bá wá, a sì fi ohùn náà sí i létí.

Kò sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ń gbọ́. Ó na ìka kan sókè fún ohùn kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ olóhùn, ìyàwó tani, ọmọ agbo ilé wo. Mẹ́fà ni wọ́n. Nígbà tó kan ohùn tó ń fò ju ti àwọn yòókù lọ, ó ní, "Èmi nìyẹn. Èmi nìkan ló kù." Lẹ́yìn náà ó ní orin náà kò pé, a kò ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo wolẹ̀. Mo mọ ẹni tó ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ kẹ́yìn.

Ọmọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́ fún wa. Màmá wò ó tìyanutìyanu. Ó ní, "Ta ni yóò gbè é? Ṣé alámọ̀ ni ohun tí èèyàn ń jókòó kọ fún ara rẹ̀?" Ó ní bí a bá fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, a ó kọ́kọ́ kọ́ ègbè. Bẹ́ẹ̀ ni àwa mẹ́ta jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi iṣẹ́ ìdáná sílẹ̀ wá bá wa, tí ó sì ń kọ́ wa bí ọmọ jẹ́léósinmi. A ṣì í. Ó dá wa dúró. A tún ṣì í. Èdè Èkìtì ẹnu mi ti di ti Èkó, ó sì tọ́ka sí i láìfi bò. Ó tó wákàtí kan kí ó tó gbà pé a lè gbè é, nígbà náà ló mí kanlẹ̀, tó sì dá orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó parí, ó béèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ṣàlàyé àwo náà fún un. Ó ní òun kò kọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn obìnrin mẹ́fà náà àti ti ìyá àgbà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó dé ọjà. Ọmọbìnrin náà mú bírò, ó kọ orúkọ méjèèje sílẹ̀, ó kà á padà fún un. Nítorí náà ni àwo náà kò ṣe tíì jáde bí mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ń lọ láti agbo ilé kan sí èkejì, wọ́n ń béèrè àṣẹ. Wọ́n ti dé ilé mẹ́rin.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ fẹ́ràn àwo àdáṣe, ẹ máa wá a lọ. Ẹ máa ra iṣẹ́ àwọn tó ń dá ṣe é, ẹ máa nà án sí ẹlòmíràn, kí ó má baà jẹ́ pé òkèèrè ni àwọn ọmọ yín yóò ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè nílé pẹ̀lú. Ẹ bi àwọn òbí yín bóyá kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú àpótí, ẹ wá ẹ̀rọ tí ó lè lù ú, ẹ sì gbọ́ ọ dé òpin, títí kan ibi tó dákẹ́. Orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, tuntun ni lójọ́ tí ẹ bá gbọ́ ọ.

Kí n tó kúrò ní Ìyìn, mo fi èékánná yọ ìwé pélébé méjì náà kúrò nínú ihò kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Nígbà tí ọkọ̀ padà gun òkè Ẹ̀fọ̀n, íntánẹ́ẹ̀tì tún lọ bó ti máa ń lọ, n kò sì wo fóònù náà. Mo ń gberin lábẹ́ ẹnu, kí n má baà gbàgbé.